Kánádà: Ilẹ̀ Rẹpẹtẹ, Èèyàn Díẹ̀

Láti bí ọdún mélòó kan, orúkọ Kánádà ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ìyá ń gbààwẹ̀ nítorí físà ọmọ, tọkọtaya ń ta ilẹ̀ àti mọ́tò kí owó ìrìnnà lè pé, ọ̀dọ́ tí kò kọjá Ìbàdàn rí sì lè ka orúkọ àdúgbò ní Toronto fún ọ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹyọ. Owó iṣẹ́ àti owó ilé là ń sọ. Bí a bá dé orí òtútù, bí ohun ẹ̀rù la ṣe ń ròyìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òtútù àti ọ̀nà jíjìn ló kọ́ orílẹ̀-èdè yẹn. Àwọn ló pinnu ibi tí èèyàn ń kọ́lé sí, àwọn ló pinnu irú ìjọba tó bá a mu, ọwọ́ wọn sì wà nínú oúnjẹ, eré àti iṣẹ́ ọnà ibẹ̀.

Rọ́ṣíà nìkan ló tóbi ju Kánádà lọ láyé. Ilẹ̀ àti omi rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 9,984,670 kìlómítà níbùú lóòró. Bí a bá to Nàìjíríà mẹ́wàá síbẹ̀, àyè á ṣẹ́kù. Ní ti èèyàn, ọdún 2023 ni iye wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mílíọ̀nù 40, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló sì fún mọ́ etí ààlà Amẹ́ríkà, tí kò ju 100 kìlómítà lọ sí i. Láti Windsor dé ìlú Quebec, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn adágún ńlá àti odò St. Lawrence, ni bí ìdajì gbogbo wọn ń gbé. Ẹni tó bá dé Toronto àti Montreal tó ní òun ti rí Kánádà, ẹnu ọ̀nà ló ṣì wà.

Ìlà oòrùn ni òkun ti kọ́kọ́ gbé àlejò dé. Ní L'Anse aux Meadows, ní ṣóńṣó àríwá erékùṣù Newfoundland, àwọn ará Norse tó wá láti Greenland kọ́ ilé eléèpẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ yẹ igi tí wọ́n fi irin gé níbẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ọdún 1021 ni wọ́n gé e. Wọn ò pẹ́ tí wọ́n fi kó ẹrù wọn lọ. Lápá ìsàlẹ̀, láàárín New Brunswick àti Nova Scotia, ni omi Fundy wà. Òkun ibẹ̀ ń kún, ó ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ bíi ti ibòmíràn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà lè tó mítà 16. Ní Hopewell Rocks, èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ lọ sórí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, á máa rìn láàárín àwọn òpó àpáta tí ewéko òkun so rọ̀ sí lára lókè orí rẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ń tù gba ibi tó ti rìn. Ohun tó fà á ni pé àkókò tí omi fi ń lọ tó fi ń bọ̀ nínú gbogbo gígùn ibẹ̀ bá àkókò tí òkun Àtìláńtíìkì fi ń kún tó fi ń fà mu, nítorí náà ìgbì tuntun ń bá èyí tó wà nílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì ń fi agbára kún un.

Bí a bá kọjá odò St. Lawrence sí àríwá, àpáta ló kù. Wọ́n ń pè é ní Canadian Shield, ó sì yí Hudson Bay ká, ó gba bí ìdajì ilẹ̀ náà. Àpáta yìí wà lára àwọn tó dàgbà jù láyé: ẹyọ kan tí wọ́n rí lẹ́bàá odò Acasta, ní Northwest Territories, ti tó bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún. Nígbà tí òtútù ayé ìgbàanì mú, omi dídì tó nípọn tó kìlómítà bíi méjì jókòó lé e lórí, ó ń rọra wọ́, ó ń họ erùpẹ̀ kúrò, ó ń gbẹ́ kòtò. Nígbà tó yọ́, kòtò di adágún. Ìdí nìyẹn tí adágún kò fi lóǹkà níbẹ̀, tí àgbẹ̀ kò sì rí ilẹ̀ gidi kọ ebè sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ilẹ̀ kò fún àgbẹ̀, ó fún awakùsà: góòlù, nickel, kọ́pà. Nickel ti Sudbury tiẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, nítorí ibi tí òkúta láti ojú ọ̀run já lù ní nǹkan bí bílíọ̀nù 1.85 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń wà á.

Ìwọ̀ oòrùn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àwòrán rẹ̀ kún ìta. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ àlìkámà ni Manitoba, Saskatchewan àti Alberta títí ojú fi rẹni. Lẹ́yìn wọn ni àwọn òkè Rocky, níbi tí wọ́n ti dá ọgbà ìjọba Banff sílẹ̀ lọ́dún 1885. Lẹ́yìn òkè ni British Columbia, igbó olójò àti òkun Pàsífíìkì. Òkè tó ga jù, Mount Logan, mítà 5,959, kò sí lára Rocky rárá. Yukon ló wà, níbi tí àlejò kì í sábà dé.

Àríwá ló yẹ kí a fara balẹ̀ sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ dì, kì í sì í yọ́ kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òkè rẹ̀ nìkan ló ń rọ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́lé lé e lásán, ooru inú ilé á yọ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ilé á sì wọ̀. Nítorí náà, ní ìlú Inuvik, orí òpó ni wọ́n ń gbé ilé kà, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Páìpù omi àti ti ìdọ̀tí kò ṣeé rì mọ́lẹ̀, torí náà inú àpótí irin gígùn ni wọ́n kó wọn sí, tí àpótí náà ń ti ilé dé ilé lókè ilẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní oṣù Kẹfà, kì í wọ̀. Snag, ní Yukon, ni òtútù Kánádà ti mú jù: ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1947, ó dé dígírì 63 lábẹ́ òdo.

Òtútù yìí kan náà ló ń lànà. Ní ìlà oòrùn àríwá ìlú Yellowknife, ní Northwest Territories, àwọn ibùdó ìwakùsà dáyámọ́ńdì wà láàárín ilẹ̀ tí títì kò dé. Epo dísù, símẹ́ńtì, táyà àti ẹ̀rọ tí wọ́n máa lò fún ọdún kan, ìgbà tí adágún bá dì nìkan ni wọ́n lè kó o lọ. Bí oṣù Kìíní bá ti ń parí lọ, wọ́n á gbọ́n yìnyín kúrò lójú omi dídì kí òtútù lè ráyè wọ inú rẹ̀, wọ́n á máa wọn bó ṣe nípọn tó lójoojúmọ́, títí yóò fi gba tírélà. Ọ̀nà náà gùn tó 400 kìlómítà, orí adágún ló sì gbà jù. Awakọ̀ tó bá gbẹ́rù kò gbọdọ̀ sáré ju bíi kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Kì í ṣe nítorí kí ọkọ̀ má yọ̀. Bí ọkọ̀ wúwo bá ń lọ lórí omi dídì, ó ń ti ìgbì síwájú lábẹ́ rẹ̀. Tí eré bá pọ̀ jù, ìgbì yẹn á kọlu etíkun, á padà sẹ́yìn, á sì fọ́ ojú ọ̀nà. Awakọ̀ á máa gbọ́ bí omi dídì ṣe ń dún, tó ń ké, lábẹ́ táyà rẹ̀, inú rẹ̀ á sì balẹ̀, nítorí èyí tó bá ń dún ló ń gbé ẹrù. Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ́dún, ọ̀nà parí, ó di omi padà.

Àwọn ará ìlú ńlá náà ní bí wọ́n ṣe ń bá òtútù ṣe é. Ní Winnipeg, ẹ ó rí wáyà iná tó rọ̀ sílẹ̀ níwájú mọ́tò. Alẹ́ ni wọ́n ń kì í bọ iná, kí ẹ́ńjìnnì má bàa dì kú mọ́jú. Abẹ́ ilẹ̀ Montreal ní ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lé ní ọgbọ̀n kìlómítà, tó so ọ́fíìsì, ilé ìtajà àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin pọ̀. Ní Ottawa, olú ìlú wọn, wọ́n sọ òtútù di ìgbádùn: omi Rideau tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́ parí lọ́dún 1832, tí wọ́n rò pé ogun Amẹ́ríkà á mú kó wúlò, ni òṣìṣẹ́ ń wọ bàtà onírin yọ̀ lórí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, fún kìlómítà 7.8. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà òtútù ọdún 1970 sí 1971, kò sí ọdún tí wọn kò ṣí i, àfi ẹyọ kan. Ní ìgbà òtútù ọdún 2022 sí 2023, omi kò dì tó. Wọn kò ṣí i rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dé nìyẹn. Ilẹ̀ tí òtútù kọ́ ti ń gbóná, ìkángun àríwá rẹ̀ ló sì ń gbóná kíákíá jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ooru dé dígírì 49.6 ní Lytton, ìlú kékeré kan ní British Columbia. Ooru tí Màídúgùrì kì í sábà rí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, iná jó èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú náà. Lọ́dún 2023, iná jó igbó tó lé ní mílíọ̀nù 15 hẹ́kítà káàkiri orílẹ̀-èdè náà, èéfín rẹ̀ sọ ojú ọ̀run New York di àwọ̀ ọsàn, wọ́n sì ní kí gbogbo Yellowknife, bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn, kó jáde. Títì kan ṣoṣo ló jáde níbẹ̀. Ní Churchill, létí Hudson Bay, béárì funfun ń dúró kí omi dì kó lè lọ ṣọdẹ séálì, omi náà sì ń pẹ́ dì. Àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ ọ́n gbé pẹ̀lú. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn mọ́tò wọn, kí ẹni tí béárì bá ń lé lè rí ibi sá wọ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ojú àánú bò wá mọ́lẹ̀: Kánádà kan náà ló ń wa epo rọ̀bì láti inú yanrìn Alberta, iṣẹ́ tó ń ba ilẹ̀ jẹ́ tó sì ń rú èéfín púpọ̀. Òun náà ló jẹ́ kí wọ́n pa ẹja cod Newfoundland títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tó fi jẹ́ pé lọ́dún 1992 ìjọba ti iṣẹ́ ẹja náà pa, èèyàn bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n sì pàdánù iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orílẹ̀-èdè tó ń fi ọgbà ìjọba yangàn ń fi ọwọ́ kejì bẹ́ igbó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣàkóso ibi tó fẹ̀ tó báyìí? Nípa kí olúkúlùkù di tirẹ̀ mú. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 1867 ni ìpínlẹ̀ mẹ́rin, Ontario, Quebec, Nova Scotia àti New Brunswick, para pọ̀ lábẹ́ adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò jagun òmìnira. Ìpàdé ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń jiyàn, títí ọ̀rọ̀ fi wọ̀. Àwọn yòókù ń dara pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. British Columbia gbà lọ́dún 1871 nítorí wọ́n ṣèlérí ọkọ̀ ojú irin fún un. Newfoundland ò sì wọlé títí di ọdún 1949. Ojú irin tí wọ́n ṣèlérí fún British Columbia yẹn parí lọ́dún 1885. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Ṣáínà ló bá wọn la òkè, ọ̀pọ̀ kú sídìí iṣẹ́, ọdún tí iṣẹ́ parí gan-an ni ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí 50 dọ́là lọ́wọ́ ará Ṣáínà kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ wọlé. Ọdún 2006 ni wọ́n tó tọrọ àforíjì.

Lónìí, ìpínlẹ̀ mẹ́wàá àti agbègbè mẹ́ta ló wà. Ọba Charles Kẹta ni ọba Kánádà, ṣùgbọ́n Gómìnà Àgbà ló ń ṣojú fún un. Lọ́dún 2021, Mary Simon, ọmọ Inuit, ìran tó ni ilẹ̀ àríwá kí òyìnbó tó dé, di onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà. Olórí ìjọba àti àwọn mínísítà rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ gan-an, bí ọwọ́ wọn bá sì bọ́ lára ilé aṣojú-ṣòfin, tó ní ìjókòó 343, ìjọba wọn ṣubú nìyẹn. Àwọn 105 tó wà nílé aṣòfin àgbà kì í du ìbò; yíyàn ni wọ́n ń yàn wọ́n, wọ́n á sì jókòó títí wọ́n á fi pé ẹni ọdún 75. Àṣà wọn kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí ilé bá yan olórí tuntun fún ìjókòó wọn, olórí ìjọba àti olórí alátakò á dì í lápá mú, á máa fà sẹ́yìn bí ẹni tí kò fẹ́ lọ, wọ́n á wọ́ ọ títí dórí àga. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ tí kò dùn lọ fún ọba lè pàdánù orí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti jogún fífà sẹ́yìn yẹn. Mi ò tíì rí olóṣèlú tiwa tí wọ́n ní láti wọ́ lọ sórí àga.

Ètò ìlera, ilé ẹ̀kọ́ àti ohun àlùmọ́ọ́nì wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kan lè dán ohun tuntun wò kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Saskatchewan, ìpínlẹ̀ àgbẹ̀, ló kọ́kọ́ dá ìtọ́jú dókítà láìgbowó lọ́wọ́ aláìsàn sílẹ̀ lọ́dún 1962, èso ìlàkàkà Tommy Douglas, olóṣèlú ibẹ̀. Àwọn dókítà yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 23, ètò náà kò sì yẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kárí gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó ti jókòó látàárọ̀ dalẹ́ nílé ìwòsàn kó tó kan án á ní ètò náà ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sì parọ́. Síbẹ̀, ẹ sọ fún ará Kánádà pé kó fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà, ẹ ó gbọ́ ohun tó máa sọ.

Quebec ni orí fífọ́ àti ẹwà ètò ìjọba yìí. Samuel de Champlain tẹ ìlú Quebec dó lọ́dún 1608, odi rẹ̀ ṣì dúró, èdè Faransé sì ni wọ́n ń sọ nílé, ní kóòtù àti lọ́jà. Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn lọ́dún 1759, ṣùgbọ́n lọ́dún 1774 wọ́n fi ẹ̀sìn àti òfin ilé wọn sílẹ̀ fún wọn. Láti ọdún 1969, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jẹ́ èdè ìjọba àpapọ̀ méjèèjì. Lẹ́ẹ̀mejì ni Quebec ti dìbò bóyá kí òun dá dúró; ti ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1995, ìdá 50.58 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní rárá. Díẹ̀ báyìí ló kù kí orílẹ̀-èdè kan pín sí méjì, wọ́n ka ìbò tán, kálukú sì lọ sùn. Quebec kò sì tíì fọwọ́ sí ìwé òfin ọdún 1982, èyí tí Ọbabìnrin Elizabeth buwọ́ lù ní gbangba ní Ottawa ní ọjọ́ òjò, tí ẹ̀kán omi fi ba yíǹkì jẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n tọ́jú ìwé náà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àbàwọ́n rẹ̀.

Èyí tó wù mí jù nínú ìjọba wọn kò sí ní Ottawa. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin ọdún 1999 ni wọ́n dá Nunavut sílẹ̀ fún àwọn Inuit: ilẹ̀ tó ju ìlọ́po méjì Nàìjíríà lọ, èèyàn 36,858 nínú ìkànìyàn ọdún 2021, ìletò 25, kò sì sí títì tó so ìkan mọ́ èkejì. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń wọ̀ lọ kí ará. Ilé aṣòfin wọn ní Iqaluit kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn aṣòfin 22 á jókòó yíká, wọ́n á fi ìbò ìdákọ́ńkọ́ yan olórí ìjọba láàárín ara wọn, wọ́n á sì máa fi ọ̀rọ̀ lọ ara wọn ní èdè Inuit. Ọ̀pá àṣẹ ilé náà, eyín gígùn àbùùbùtán narwhal ni wọ́n fi ṣe é.

Ó yẹ kí a sọ ohun tó ṣáájú èyí. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1800, ìjọba àti àwọn ìjọ ń kó ọmọ àwọn onílẹ̀, ọmọ First Nations, Inuit àti Métis, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n gé irun wọn, wọ́n nà wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn. Ọmọ tó lé ní 150,000 ló gba ibẹ̀ kọjá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni kò padà wálé, èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà kò sì tì títí di apá ìparí àwọn ọdún 1990. Ìjọba tọrọ àforíjì lọ́dún 2008. Ìgbìmọ̀ tó wádìí òtítọ́ gbé ohun 94 tó yẹ ní ṣíṣe kalẹ̀ lọ́dún 2015, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Láàárín ọdún 1885 sí 1951, òfin tiẹ̀ ka potlatch léèwọ̀, àsè ńlá tí àwọn èèyàn etí òkun Pàsífíìkì fi ń jẹ oyè, tí wọ́n fi ń sìnkú, tí wọ́n sì ń pín ẹrù fún àlejò. Lọ́dún 1921, wọ́n mú àwọn tó ṣe é ní ẹkùn Alert Bay, wọ́n kó egúngún onígi àti adé wọn lọ sí mùsíọ̀mù. Àwọn ọmọ wọn lé e, wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́dọọdún, títí púpọ̀ fi padà wálé. Láti ọdún 1980 ló ti ń gbé ní U'mista, ilé àṣà tiwọn. Àwa tí orí idẹ Ifẹ̀ wa jókòó sí London kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Síbẹ̀ iṣẹ́ ọnà wọn kò kú. Ní Kinngait, ní Nunavut, Kenojuak Ashevak, obìnrin tí wọ́n bí sínú àgọ́ ọdẹ lọ́dún 1927, ya òwìwí kan lọ́dún 1960, ìyẹ́ rẹ̀ ń tàn káàkiri bí ìtànṣán. Wọ́n gbẹ́ ẹ sójú òkúta, wọ́n fi yíǹkì kùn ún, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó wà lórí sítáǹpù. Nínú àwọn àwòrán Kánádà tí mo mọ̀, títí kan ti àwọn Group of Seven tó ń ya igi àti adágún lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, èyí ló gba iwájú lójú mi. Àwọn Group of Seven ya ilẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Òwìwí Kenojuak mọ̀ pé èèyàn wà ńlẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹni tó bá mọ bí adẹ́mu ṣe ń ṣe pẹ̀lú ọ̀pẹ, omi igi maple kò ní ṣàjèjì sí i. Oṣù Kẹta ni, nígbà tí òru bá dì tí ọ̀sán sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n á lu ihò sára igi, wọ́n á ki ọ̀pá kékeré bọ̀ ọ́, omi á máa kán sínú garawa. Tónítóní ni omi náà, adùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lẹ́nu. Lítà 40 ni wọ́n ń sè kó tó ku lítà kan omi ṣúgà aláwọ̀ idẹ. Àwọn onílẹ̀ ló ń ṣe é kí àwọn Faransé tó dé. Ní Quebec, níbi tí bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ti gbogbo ayé ti ń wá, wọ́n á da èyí tó ń hó sórí yìnyín tó mọ́, á dì lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fi igi pẹlẹbẹ ká a, wọ́n á lá a. Wọ́n tiẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú àgbá nílé ìkẹ́rùsí, bí ìjọba ibòmíràn ṣe ń tọ́jú epo rọ̀bì. Láàárín ọdún 2011 sí 2012, àwọn olè jí bíi 3,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀, wọ́n sì ń pọn omi lásán sínú àgbá dípò rẹ̀.

Hockey, eré orí omi dídì wọn, kò nílò ìpolongo. Montreal ni wọ́n ti kọ́kọ́ ta á nínú gbọ̀ngàn níwájú èrò, lọ́dún 1875, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ariwo rẹ̀ lálẹ́ Sátidé, á jẹ́ pé kò sí nílé.

Okùn kan so Kánádà mọ́ wa tó ti wà tipẹ́tipẹ́ kí físà tó dé. Lẹ́yìn ogun òmìnira Amẹ́ríkà, lọ́dún 1783, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn dúdú tó sá fún oko ẹrú tẹ̀ lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Nova Scotia, níbi tí wọ́n ti ṣèlérí ilẹ̀ fún wọn. Ilẹ̀ olókùúta ni wọ́n rí, òtútù àti ìyà sì bá wọn níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1792, bí 1,200 nínú wọn wọ ọkọ̀ 15 ní Halifax, wọ́n lọ tẹ Freetown dó ní Sierra Leone. Freetown yìí ni wọ́n gbé ọmọdékùnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn dé lọ́dún 1822. Àjàyí ni, Samuel Ajayi Crowther. Láti ìlú kan náà ni àwọn Sàró ti padà wá sí Bàdágìrì, Abẹ́òkúta àti Èkó, tí wọ́n sì kó ìwé kíkà bọ̀. Àwọn tó jókòó sí Nova Scotia kò sinmi. Ní ọdún 1946, Viola Desmond, obìnrin dúdú kan, jókòó síbi tí wọ́n fi pamọ́ fún òyìnbó nílé sinimá kan ní New Glasgow. Wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù lórí sẹ́ǹtì kan owó orí tíkẹ́ẹ̀tì. Láàárín àwọn ọdún 1960, ìlú Halifax wó Africville, àdúgbò àwọn èèyàn dúdú, títí kan ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Viola ló wà lórí 10 dọ́là Kánádà báyìí, láti ọdún 2018.

Mo gbóríyìn fún Kánádà, mi ò sì gbà pé ẹwà òkè àti adágún ló tọ́ sí oríyìn náà jù. Èyí tó tọ́ sí i ni pé àwọn èèyàn tí ọ̀nà wọn jìn síra, tí èdè wọn kò bára mu, ń jiyàn lórí ilẹ̀ líle fún ọdún tó lé ní 150 láìsí pé wọ́n yọ idà sí ara wọn lọ́nà tó le. Ẹ̀bi rẹ̀ sì ni pé àwọn onílẹ̀ ló san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí níbẹ̀, bí ẹ bá ti béèrè iṣẹ́ àti owó ilé tán lórí fóònù, ẹ bi wọ́n pé ilẹ̀ ta ni ilé wọn wà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ló ń dárúkọ àwọn onílẹ̀ fún àwọn ọmọ láàárọ̀, torí náà bí bàbá kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ á mọ̀ ọ́n. Ti Winnipeg, àwọn Anishinaabe àti Cree ló tọwọ́ bọ àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba lọ́dún 1871. Ti Calgary, àwọn Blackfoot àti àwọn aládùúgbò wọn ni, lọ́dún 1877. Àdéhùn méjèèjì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní.